Wákàtí Kan àti Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Orí ìwọ̀n ni mo ti kọ́kọ́ rí Olinka, ní pápákọ̀ òfurufú Bethel. Bàálù tiwa kéré, ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ gun ìwọ̀n tòun ti ẹrù rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka iye tí ìwọ̀n bá mú sókè.

"Bí o bá kà á sókè, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ láéláé," ló wí.

Mo rọra kọ iye náà sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà la ti ń sọ̀rọ̀.

Ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọdún kan, ìyá rẹ̀ kú, ó sì padà sílùú wọn, Dillingham, kó lè máa bá Evon, bàbá rẹ̀, dẹ àwọ̀n ẹja. A ti fohùn ṣọ̀kan pé a máa fẹ́ra. Bàbá ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun kì í fọmọ fún ohùn inú fóònù. Kí n wá jókòó níwájú òun, kí n jẹ ẹja òun.

Mo ní kò sí bàálù tó ń lọ tààrà, Anchorage la ń gbà yí ká, odindi ọjọ́ kan sì ni. Òótọ́ ni, títí di oṣù kẹrin tí iléeṣẹ́ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò tààrà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Èmi gan-an ni mò ń wọn èrò rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò sọ fún Olinka.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, bàálù tí mo wọ̀ já lulẹ̀ sórí yìnyín odò. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò wọ òmíràn mọ́. Èmi tí mò ń ní káwọn ìyá arúgbó fọkàn balẹ̀! Ojú tì mí débi pé irọ́ ni mo yàn láàyò.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án, bàbá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù náà. Mo ti rí i rí nínú fọ́tò: Evon ni. Ó jókòó tì mí, ó tú ẹrù: ẹja gbígbẹ, bisikíìtì, aṣọ ìbora, fúláàsì. Ó bu tíì fún mi.

"Odindi ọjọ́ kan lo ní, Nikifer. Mo di oúnjẹ odindi ọjọ́ kan. Tíì mi ṣì gbóná."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Mo jẹ́wọ́ ẹ̀rù tó ń bà mí fún un.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ló wí. "Àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní káńtà láàárọ̀ yìí pé bàálù kan ń bọ̀ tààrà, Olinka tó sìn mí wá síbẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó ń bo irọ́ rẹ mọ́lẹ̀ kí n má bàa mọ̀. Ọmọ mi kì í purọ́ tẹ́lẹ̀."

Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn jù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì bá Bàbá wọ bàálù tó ń padà lọ. Mo dijú, mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mo bì. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀n fún mi títí a fi balẹ̀.

Olinka ń dúró. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.

"Wákàtí mélòó ló gbà ọ́?"

"Oṣù márùn-ún, olólùfẹ́ mi. Má bínú."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu èébì létí ẹnu mi, ó ní ká máa lọ jẹ ẹja bàbá òun.