Etí Dúdú àti Òjé Inú Hẹ́dífóònù

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, etí rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò. Kì í ṣe pé aláwọ̀ dúdú ni o. Obìnrin náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Etí nìkan ni. Òbìrìkìtì dúdú yí wọn ká, ti apá òsì ti ṣàn dé ọrùn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti dé ẹnu mi kí n tó rí ohun tó gbé dání. Ẹ̀rín náà bá padà síbi tó ti wá.

Hẹ́dífóònù ni. Irú èyí tó wọ́n jù lọ nínú ọjà wa. A lẹ bébà kékeré kan mọ́ ara páálí rẹ̀: "A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lágbára. Ó tu etí lára." Èmi ni mo kọ ọ́.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí hẹ́dífóònù olówó ńlá bá dé, èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Màá gbé e lé ọwọ́ kí n mọ bó ṣe wúwo tó. Màá ya ọ̀já orí rẹ̀, màá fetí sí oríkèé rẹ̀ bóyá ó ń ké. Màá tẹ tìmùtìmù etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá gbé e wọ̀, màá jókòó sí yàrá inú, kí n mọ̀ bóyá ó ń fún ènìyàn lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ń pè mí ní Orí Òṣùwọ̀n. Ọ̀gá kò gbà mí síṣẹ́ torí ohun tó wà nínú orí mi. Títóbi rẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà mí. Wọ́n ní tí ó bá wọ èmi, ó wọ gbogbo ayé.

"Ilé iṣẹ́ rédíò ni mo wà," obìnrin náà sọ. "Ohùn ni mò ń tún ṣe. Mo fi etí yìí dé iwájú ọ̀gá mi, wọ́n ní ṣé mo ti ń tún mọ́tò ṣe ni. Ọrùn ń dùn mí. Àtàrí ń dùn mí. Ṣé ẹ rí etí mi?"

"A rí i, mà," ni mo wí.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀," ó ní, ó kọjú sí Ọ̀gá.

Ọ̀gá ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ tìmùtìmù, wọ́n tú u. Nǹkan kan já bọ́ sórí tábìlì, gbì. Òjé ni, irú èyí tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Wọ́n tú apá kejì. Òjé. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ agbára, òjé ni. Ohun tí mo pè ní awọ, ọ̀rá tí wọ́n kùn lọ́dà ni.

"Bébà yìí," Ọ̀gá ní, "ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ta ló kó ọjà yìí wá?"

"Dókítà Etí, sà."

"Ẹ jọ ṣe é ni."

"Rárá o, sà!"

"Tí o kò bá mú un wá kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ìwọ ni màá fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dìde. Mo tún dọ̀bálẹ̀, torí mi ò rántí bóyá mo ti ṣe é.

Dókítà Etí kì í ṣe dókítà. Ọkùnrin gíga kan ni, oníkóòtù, tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé ìwọ fúnra ẹ lo máa sún mọ́ ọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó gbé hẹ́dífóònù kan sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé tiẹ̀ sí tòsì. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Èwo ló dà bí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọlúàbí?" Mo gbé ti apá òsì sókè, torí pé ó wúwo. "Ẹ ò rí i! Ọwọ́ yín kì í purọ́." Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó yin ọwọ́ mi rí láyé. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti gbé ẹrù dé, èmi a gbé e lé ọwọ́, màá máa mi orí bí alángbá. Orí náà sì tóbi, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń rí i pé mo ti gbà.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wà nídìí sítóòfù. Mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Olówó orí mi," ó ní, "gbé e wá kí n rí i."

Ọ̀gá ti lẹ òjé padà sínú hẹ́dífóònù náà, mo sì ti dì í mọ́ra wá sílé. Ó gbé e wọ̀, ó ń ro ọbẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó létí. Nígbà tó yọ ọ́, etí rẹ̀ ti dúdú.

"Níbo lo ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Nínú yàrá inú, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ó tutù níbẹ̀. Súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀."

"Ọkùnrin yìí! Ṣé inú fíríìjì ni àwọn tó ń rà á ń gbé?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà, mi ò làágùn sínú hẹ́dífóònù rí, àfi òógùn ìbẹ̀rù, ìyẹn sì máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi jáde.

"Dókítà Etí yín mọ̀ bẹ́ẹ̀," ìyàwó mi ní. "Ẹni tó ń ta irú èyí kò ní dé ibi tó gbóná. Ibi tó tutù ni kẹ́ ẹ ti wá a."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá ti sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n fún mi ní Sájẹ́ǹtì kan, obìnrin kúkúrú tó ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù. Inú mi dùn pé ẹnì kan á dáàbò bò mí. Mo kí i dáadáa.

"Má dà mí láàmú," ó ní. "Ìwọ ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́."

A dé ilé ìfowópamọ́. Ó tutù, kò sí Dókítà Etí. A dé ilé ìtura ńlá kan, ẹni tó ń gba àlejò nínú ilé ní ọkùnrin oníkóòtù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pẹ̀lú àpò ni. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ bó ṣe ń wọ takisí. Takisí ṣí. Ó yà. Ó lọ.

"Kí ló dé tí o ò pariwo?" Sájẹ́ǹtì bi mí.

"Mo pariwo, mà. Inú ni mo ti pa á."

Ó wò mí títí. Ó yí ṣíńgọ́ọ̀mù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. A tẹ̀ lé ọ̀nà tí takisí gbà, a ń wo ilé tó bá tutù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé onídígí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí wọ́n ti ń ta fóònù. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, òtútù gbá mi lójú. Ohùn jẹ́jẹ́ kan ń bọ̀ láti ìdí tábìlì:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ wọ̀n ọ́n."

Òun ni. Ó ń sọ ọ́ fún máníjà ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. "Ẹ ò rí i! Ọwọ́ yín kì í purọ́." Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rù lọ. Mo rò pé ọwọ́ tèmi nìkan ni.

"Dúró síbí," Sájẹ́ǹtì ní. "Má mira."

Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Èmi wá ibi tí mo máa sá pamọ́ sí, mi ò rí. Hẹ́dífóònù kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi pàtẹ ọjà, mo bá gbé e wọ̀, bí ẹni pé tí mo bá ti di etí, ojú mi ò ní hàn mọ́. Dókítà Etí yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ó ní.

Ara mi ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Mo tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. Dókítà Etí wò mí, ó wo bàtà Sájẹ́ǹtì, ó ju àpò sílẹ̀, ó bẹ́ lu ọ̀nà. Èmi náà sáré. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, mi ò sáré lé e. Mò ń sá fún un ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà. Mo sì ti gbàgbé pé hẹ́dífóònù wà lórí mi, àti pé wọ́n fi wáyà rẹ̀ so ó mọ́ tábìlì nítorí olè. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, wáyà náà le gbagidi, ó fà mí lórí sẹ́yìn, mo jókòó sílẹ̀ wùù. Ẹsẹ̀ Dókítà Etí kọ́ wáyà. Ó ṣubú da ikùn délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sájẹ́ǹtì jókòó lé e lẹ́yìn, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ́wọ́.

Wáyà náà dára. Iṣẹ́ mi ni, mo ní láti sọ ọ́. Kò já, oríkèé hẹ́dífóònù náà kò sì ṣẹ́.

Yàrá kótópó ni wọ́n kó wa sí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Fèrèsé kan, páálí ni wọ́n fi dí i. Fáànù wà lókè, kò yí. Ọ̀gá dé. Obìnrin rédíò náà dé, ó fi gèlè bo etí.

"Orúkọ ẹ?" Sájẹ́ǹtì bèèrè.

"Dókítà."

"Dókítà kí ni?"

"Ti etí, mà."

"Ilé ìwòsàn wo?"

Dókítà Etí tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, ojúlówó lọjà mi. Ènìyàn lè gbé e wọ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́, kò ní mọ̀ pé nǹkan wà lórí òun. Tí ẹ bá sì ní ayédèrú ni, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò rèé." Ó na ìka sí mi. "A jọ ń ṣe é ni. Ẹ bi í bóyá kò kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láàárọ̀ yìí."

Sájẹ́ǹtì rántí ìkíni náà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kejì yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tó jẹ́ ti òmùgọ̀ tó wà láàárín wọn. Mo mọ̀ pé tèmi ti dé.

"Ẹ... ẹ jẹ́ kó gbé e wọ̀, mà," ni mo wí.

"Kí lo wí?"

"Ó ní òun ò ní mọ̀ pé ó wà lórí òun. Inú òtútù ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Ibí... ibí ò tutù."

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè wo fáànù. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbé e wọ̀," ó ní. "Ṣebí ẹ jọ ń ṣe é ni."

Ó mú ti obìnrin rédíò fún mi, tí Ọ̀gá ti lẹ̀ padà. Ó yọ tuntun kan nínú àpò Dókítà Etí, ó fún un. A jókòó kọjú síra wa bí ìyàwó àti ọkọ tí wọ́n ń jà.

"Ó rọrùn?" Sájẹ́ǹtì bi mí.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. "Kò rọrùn, mà. Ọ̀já orí ń gún mi ní àtàrí. Ó ń fún mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Tìmùtìmù ti gbóná. Òjé apá òsì ti ṣí, ó ń lù mí létí."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe mí," obìnrin rédíò ní.

"Ìwọ ńkọ́, Dókítà?"

"Ó tù mí lára, mà."

Òógùn yọ ní iwájú orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Omi dúdú kan yọ lábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo wa ń wo omi náà. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè.

"Ọwọ́ sílẹ̀! Ṣebí o ò mọ̀ pé nǹkan wà lórí ẹ?"

"N ò mọ̀, mà."

"Kí lo wá fẹ́ fọwọ́ kàn?"

Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó gbé e dúró. Ó tún tẹ̀. Ó fi èjìká nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀dà náà bá wọ ojú rẹ̀. Ó kígbe.

"Ẹ bá mi yọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Òjé ni! Òjé apẹja ni! Ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń lẹ̀ ẹ́!"

"Ta lẹ jọ ń ṣe é?"

"Èmi nìkan ni!"

"Eléyìí ńkọ́?"

Dókítà Etí fi ojú kan tó ṣì là wò mí. "Òun kẹ̀? Mà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tí mo bá fẹ́ ní alábàáṣe, ṣé irú eléyìí ni màá mú? Mo yí ìlú yìí ká kí n tó rí òmùgọ̀ tó péye bí i tiẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nípa mi rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Sájẹ́ǹtì dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kejì padà sínú dúrọ́ọ̀.

"Òmùgọ̀ ni, kì í ṣe olè," ó sọ fún Ọ̀gá. "Ẹ máa mú un lọ."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. Ọ̀gá náà ní, "Ẹ ṣeun." Wọ́n ò wo ojú mi.

Wọ́n bá òjé àti ọ̀dà lẹ́yìn ilé tó sọ. Ọ̀gá ní àwọn máa fún obìnrin rédíò ní ojúlówó, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí sítóòfù ìyàwó mi ni mo gbé e lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí òógùn fi mú ọrùn aṣọ mi rin gbindin. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìyàwó mi gbá orí mi mú, ó yẹ etí mi wò ní ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò ní òsì.

"Ó mọ́," ó ní. "Orí ló kù tí a máa tún ṣe."

Nígbà tí obìnrin rédíò dé, ó gbé e wọ̀. Ó ń rìn káàkiri nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ọjà, ó bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Ó mú àpò rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó ń wo orí tábìlì, ó ń wo abẹ́ rẹ̀.

"Hẹ́dífóònù mi dà?" ó ní.

Ọ̀gá na ìka sí orí rẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ kàn án, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo mú bébà, mo kọ ọ́: "A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ẹni tó rà á ló wà nígbà tó ń wá a kiri." Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kankan títí ìyàwó mi fi wá kà á.