Òdo Ló Kọ Síwájú Owó Mi

Ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, ìjà lèmi àti Olúdọ̀tun fi pàdé. Ó wá gba kóòtù tó fún mi rán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó, kóòtù ò tíì lápá. Ó bínú, èmi náà bínú. Nígbà tó padà wá, ó ní ẹnu mi ló wu òun. Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ó ní kọ́ḿpìnnì ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ring Road. Ó wá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun. Báńkì gbà láti yá a ní ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn, èmi náà ní màá fi ọgọ́rùn-ún tí mo fi abẹ́rẹ́ kó jọ kún un, kó jẹ́ ìpín tèmi nínú kọ́ḿpìnnì. Màmá ẹ̀ ti sọ pé tí ẹ̀rọ yẹn ò bá dé, kò sí ìgbéyàwó èmi àti Olúdọ̀tun, ará ṣọ́ọ̀ṣì ò ní fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ àwọn gbéyàwó nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a jókòó sí pálọ̀ wọn ní Bódìjà, ó ń ṣírò iye tí gbogbo owó yẹn máa ná kọ́ḿpìnnì lọ́dún. Ó ní owó kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń gbà, èyí tó pọ̀ jù ló sì máa ń wúwo jù nínú ìṣirò. Tí ẹ̀rọ ò bá ti lè pa ju ìpíndọ́gba gbogbo ẹ̀ lọ, kéèyàn má rà á. Báńkì ń gba mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún. Ó kọ òdo síwájú tèmi. Báńkì ló ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà, ó pò ó pọ̀, ó di mẹ́fà. Ẹ̀rọ á pa méje. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí ló dé témi fi jẹ́ òdo.

"Àpínkẹ́ mi, ṣé ìwọ náà máa gbowó èlé lọ́wọ́ mi ni?"

Màmá ẹ̀ dá sí i láti kíṣìnnì, wọ́n ní owó aya, owó ọkọ ni.

Inú bí mi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni.

"Tí kọ́ḿpìnnì ẹ bá dẹnu kọlẹ̀, báńkì á kọ́kọ́ kó tiwọn lọ. Èmi tí mo máa gbà kẹ́yìn, tó ṣeé ṣe kí n má rí nǹkan kan gbà, èmi lo ní n ò ná ẹ ní nǹkan kan? Tí mo bá fi ra aṣọ tà ní Dùgbẹ̀, méjìlá ló máa pa."

Ó ní tóun bá kọ méjìlá fún mi, ìpíndọ́gba á di mẹ́sàn-án. Kò ní sí ẹ̀rọ, kò sì ní sí ìgbéyàwó.

"Kọ ọ́."

Kò kọ ọ́. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé wa ní Agbowó. Bàbá mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, ta ló ń torí ìṣirò pàdánù ọkọ? Mo sunkún, ẹkún ìbínú ni.

Nígbà tó yá, Olúdọ̀tun wá. Ó ní òun ti kọ méjìlá, òun sì ti sọ fún báńkì pé òun ò yá mọ́.

"Mẹ́jọ ni báńkì fẹ́ gbà, méje lẹ̀rọ máa pa. Èrè tí mo ń rẹ́rìn-ín sí yẹn, owó ẹ ni mo fẹ́ máa jẹ. Màmi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé wàá fẹ́ ọkùnrin tó ṣì ń fi ògbólógbòó ẹ̀rọ ṣiṣẹ́?"

Mo ní ìwọ̀sí tó fi lọ̀ mí ò tíì tán nínú mi o. Ó ní òun mọ̀, kí n gbé ìbínú náà dání wá sílé òun.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, màmá ẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò wojú mi, èmi náà ò wo tiwọn. Inú ṣì ń bí mi nígbà tí àlùfáà bi mí bóyá mo gbà á lọ́kọ. Pẹ̀lú ìbínú yẹn náà ni mo fi lọgun pé mo gbà.