Ojú Tí Radivoj Yàn

Radivoj ò tíì kú, ṣùgbọ́n òkúta ibojì rẹ̀ ti wà ní ìdúró. Ní abúlé wọn ní Serbia, àgbà tó bá lágbára kì í fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún ìbí rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún ikú nìkan ni wọn ò kọ.

Ó wá ku fọ́tò tí wọ́n máa gbẹ́ sára òkúta náà. Radivoj kó tiẹ̀ wá fún Tihomir tó ń gbẹ́ òkúta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ẹni tó ti gba Jésù gbọ́. Radivoj ọlọ́pàá, Radivoj ọkọ ìyàwó, Radivoj ọ̀mùtí, Radivoj arúgbó.

"Ti ọlọ́pàá ni mo fẹ́. Ìgbà yẹn ni mo jẹ́ ọkùnrin."

"Ọlọ́pàá tó ń fipá gba àlìkámà lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ìjọba yẹn náà?"

"Ẹni yẹn ti kú jàre! Arúgbó lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Bó bá ti kú, kí ló dé tó o fẹ́ ká máa wojú ẹ̀? Radivoj, ronú pìwà dà."

"Òkúta ni mo ní kó o gbẹ́, mi ò bẹ̀ ọ́ ní ìwàásù!"

Nígbà tó di Sátidé ìrántí àwọn òkú, Radivoj lọ wo òkúta rẹ̀, fọ́tò ọlọ́pàá náà ti wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ti gbé oúnjẹ wá sí ibojì, ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń fún. Obìnrin kan tó ti ìlú ńlá wá na ṣíbí sí i, àlìkámà sísè olóyin ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ gbà, bàbá. Ẹ jẹ ẹ́ nítorí bàbá mi."

Radivoj gbà á, ó fi sẹ́nu. Àfi bí obìnrin náà ṣe rí fọ́tò ara òkúta, ló bá tutọ́ sí i.

"Tùẹ̀! Ọkùnrin yìí ló kó àlìkámà wa. Nítorí àpò kan tá a fi pa mọ́, ó fi ìdí ìbọn lu bàbá mi, bàbá mi ò dìde mọ́. Èmi Desanka, ọmọ kékeré, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, mò ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá, ṣé ó ti wá kú?"

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò jẹ́ gbàgbé. Àlìkámà há Radivoj lọ́fun.

"Kò tíì kú," ló wí, ló bá sá lọ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

Ó wó lulẹ̀ sínú eruku ṣọ́ọ̀bù Tihomir. "Mo gbé o! Ọlọ́pàá yẹn ò kú, èmi ni! Ọ̀mùtí tó ń na ìyàwó ẹ̀, èmi náà ni. Èwo nínú wa ni Jésù máa gbà?"

"Kó gbogbo wọn wá," ni Tihomir wí, ó kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò yọ ọ̀kan sílẹ̀."

Radivoj sunkún, ó gbàdúrà, ó sì gba Jésù. Lẹ́yìn náà ó dìde, ẹ̀rù ń bà á, ó padà síbi ibojì. Desanka ti ń palẹ̀ mọ́.

"Èmi ni," ni Radivoj wí, ó na ṣíbí náà sí i. "Èmi ni mo lu bàbá yín."

Desanka wò ó, ó wo fọ́tò. Ó gba ṣíbí rẹ̀, ó fi koríko nù ún, ó nù ún, ó tún un nù. Radivoj dúró níbẹ̀, kò sá mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? O ní ìgbà èwe ni, o ní ọtí ló fà á, o ní ẹni yẹn ti kú. Irọ́ ni, o mọ̀ pé ìwọ ni. Ọlọ́run ò ní bá fọ́tò ṣẹjọ́. Kó gbogbo ara rẹ tọ Jésù wá lónìí, nígbà tí wọn ò tíì kọ ọdún ikú tìrẹ.