Ojú Ewé Tí Àwọn Ọmọ Kò Fẹ́

Nígbà tí ayàwòrán kọ́kọ́ fojú kan obìnrin náà, orí ẹní ni obìnrin náà jókòó sí láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tó ń ké bí ewúrẹ́. Olóòtú ìwé ọmọdé ni, obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń wárí fún. Kò sí ìtàn tí kì í kọ́kọ́ kà fún àwọn ọmọ. Ibi tí wọ́n bá ti yán, ibẹ̀ ló ń gé kúrò.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ máa wọlé ni, àbí ẹ fẹ́ di òpó ẹnu ọ̀nà?" ni olóòtú bi ayàwòrán tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bí ewúrẹ́ yẹn bá tún máa ké, òpó ni mo fẹ́ jẹ́."

Ẹ̀rín pa olóòtú. Ìfẹ́ kì í kanlẹ̀kùn. Kí wọ́n tó parí ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe, ó ti jókòó sọ́kàn àwọn méjèèjì.

Ìwé kejì ló fẹ́ tú wọn ká. Ìtàn ọmọ tó sọnù, tó wá padà délé ni. Ayàwòrán ya ìyá ọmọ náà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fún un ní ojú ìyá tirẹ̀ tó ti sùn nínú Olúwa. Olóòtú gbé àwòrán náà sókè. Àwọn ọmọ yán. Ó gé e.

"Màmá mi lo gé dànù yẹn o!"

"Olólùfẹ́ mi, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ ló nìwé."

Ayàwòrán fi ìbínú lọ. Olóòtú sunkún, ó gbàdúrà. Bó bá dá àwòrán náà padà, ọkùnrin náà á padà. Ṣùgbọ́n kò lè torí ìfẹ́ rẹ́ ọmọdé jẹ.

Lọ́jọ́ kan tí ìwé kíkà ń lọ lọ́wọ́, ayàwòrán wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó sì fúnra rẹ̀ fi àwòrán náà han àwọn ọmọ. "Kí ló ṣe é?"

Ọmọbìnrin kan ní, "Màmá yìí kàn dúró gbagidi. Ṣé inú ẹ̀ ò dùn ni? Tèmi máa ń sáré wá pàdé mi."

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ kò dúró dè é rí láyé; eré ló máa ń sá wá pàdé rẹ̀! Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó ya ìyá tó ń sáré bọ̀, tí ìborí ń já bọ́, tí bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù sẹ́yìn. Àwọn ọmọ fò sókè.

Ó yíjú sí olóòtú. "O kọ̀ láti gba àwòrán mi, o ò tàn mí. Irú ẹ ni mo fẹ́ bá dàgbà. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Pẹ̀lú bí mo ṣe le tó yìí?"

"Ìyẹn gan-an ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún."

Olóòtú fi ọwọ́ rẹ̀ lé ti ayàwòrán. "Mo gbà."

"Àǹtí, ẹ ka ìyókù!" làwọn ọmọ ké.

Ọwọ́ kan ló fi ṣí ìwé. Ayàwòrán kò fi èkejì sílẹ̀.