Àpótí Ìyáná Ẹsẹ̀ Baálé Lágúnjú

Ọyẹ́ tó jà ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún kẹta tí rélùwéè dé Òṣogbo kò mojú olówó, kò mojú ìjòyè. Àwọn ìjòyè kan wà tí a máa ń rò pé ọgbọ́n ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọdún yẹn la mọ̀ pé ètè wọn ló là.

Inú ọyẹ́ náà ni ọ̀ràn ààlà bọ́ sí. Kọ́ńpìnì Dánkúùdù, àwọn òyìnbó tó ń ta ìṣó, àdá, páànù àti àgádágodo, fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn Ìlódè. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó pàṣẹ pé kí onílẹ̀ wá fi ààlà rẹ̀ hàn lọ́la. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá fi hàn, kọ́ńpìnì ló ni ín. Lágbo ilé Lágúnjú tó ni ilẹ̀ náà, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń fi ààlà hàn. Àgbà ọkùnrin ilé ni yóò fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín láti pèrègún dé pèrègún. Wọn kì í gbé e pọ̀n, ẹnikẹ́ni kì í dì í mú. Ẹsẹ̀ tí kò bá kan ilẹ̀ kò lè jẹ́rìí ilẹ̀.

Pèrègún méje ni tiwọn. Baálé Lágúnjú tí yóò rìn ín ti lé láàádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú tipẹ́. Ẹ̀gún lè gún un láàárọ̀, kó jẹ́ pé Fàòsíyà ìyàwó rẹ̀ ni yóò rí i nírọ̀lẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àṣẹ náà dé ni Oyèwọlé, akọ̀wé kọ́ńpìnì, ru àpótí kan wọlé. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti Èkó dé ni kì í bọ́ kóòtù dúdú lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan gbá kóòtù mú kí eruku má kàn án.

"Ẹ kú ọyẹ́, Baálé. Kí Olúwa ó da ẹ̀mí yín sí."

"Àmín. Akọ̀wé, ta ló kú tóo gbé pósí wá?"

"Ẹ̀bùn ni, Baba. Kọ́ńpìnì ní kí n fi kí yín."

Igi ni ẹ̀yìn àpótí náà, irin ni inú rẹ̀, òkè rẹ̀ sì lu jára. Fàòsíyà yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ajere rèé. Ẹran ni wọ́n ń fi ajere yan nílé bàbá tèmi."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yáná lé e nílùú òyìnbó, ìyá. Omi wọn máa ń dì bí òkúta."

"Irọ́! Omi á dì, kí ni wọ́n á wá fi wẹ̀?"

"Wọn kì í wẹ̀."

Baálé rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Oyèwọlé ní iná inú rẹ̀ yóò jí ẹsẹ̀ tó kú kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ìwé tó bá àpótí náà wá sọ pé kí wọ́n fi eérú bo ẹyín iná, kí ẹni tó ń yáná sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Akọ̀wé wo àwòrán inú rẹ̀, kò ka ìwé. Ó kí wọn pé ó dìgbà, ó lọ.

Wọ́n kó ẹyín iná sínú àpótí, Baálé gbé ẹsẹ̀ lé e. "Kò gbóná. Ẹ kó iná sí i."

Wọ́n kó o sí i.

"Kò tíì gbóná! Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣubú lójú òyìnbó lọ́la ni?"

Wọ́n tún kó o sí i. Àwọn tó wá kí i kú ìmúra ọ̀la jókòó yí i ká. Nígbà tó yá, òórùn ẹran yíyan gba ilé. Àwọn àlejò ń wo ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní tètè lọ. Fàòsíyà sáré jáde níbẹ̀.

"Kò sí ẹran lórí iná mi o!"

Ó ká aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi bo ẹsẹ̀ sókè, ó sì figbe ta.

Òrí ni wọ́n fi pa ẹsẹ̀ náà mọ́jú, wọ́n sì fi aṣọ wé e. Láàárọ̀, Fàòsíyà bẹ̀ ẹ́. "Baálé mi, ẹ jẹ́ kí Awódélé àbúrò yín rìn ín."

"Tí Awódélé bá rìn ín nígbà tí mo wà láyé, ààlà kọ́ nìyẹn, eré ni."

Nídìí pèrègún àkọ́kọ́, Àjẹ́lẹ̀ jókòó sórí àga, bàtà awọ dé orúnkún rẹ̀. Baálé jókòó sílẹ̀, ó tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dìde, ó rìn. Ó kọjá pèrègún kejì. Àwọn èèyàn hó, "Akọni! Akọni!" Akọni kọ́ o, kò mọ nǹkan kan lára ni. Fàòsíyà tó ń tẹ̀ lé e nìkan ló ń rí ohun tí ẹsẹ̀ náà ń fi sílẹ̀ lórí koríko. Ó kọjá ìkẹta. Ó kọjá ìkẹrin. Kó tó dé ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ tí kò láwọ mọ́ yọ̀, ó sì dojú bolẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni ògbufọ̀ Àjẹ́lẹ̀ kígbe. "Bí ẹ bá gbé e, ìrìn ti bàjẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Àṣà yín ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìjọba bọ̀wọ̀ fún àṣà wa. Baálé ń fi ọwọ́ walẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbọ́. Àjẹ́lẹ̀ wo aago, nítorí wọ́n ń retí rẹ̀ ní Ìpetumodù. Ó nawọ́. Wọ́n gbé èèkàn ààlà wá, wọ́n sì kàn án mọ́ ilẹ̀ níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ Baálé gan-an.

Oyèwọlé wá síwájú Fàòsíyà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti kóòtù.

"Ẹ forí jì mí, ìyá. Ẹ bá wa gbé Baba kúrò. Ilẹ̀ kọ́ńpìnì ni wọ́n sùn sí."

Fàòsíyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè fa ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí ọwọ́ lè dì mú níbẹ̀. Ó gba ara èèkàn kọjá, ó wọ ilẹ̀ kọ́ńpìnì, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà sílé.