Òrí Tó Wà Lára Èjìká Oyèwálé

Òórùn òrí ni Rodiyat gbọ́ lára èjìká Oyèwálé ọkọ rẹ̀ nígbà tó tibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, bẹ́ẹ̀ kò sí òrí kankan nínú ilé wọn ní Falconridge nílẹ̀ òyìnbó. Ẹnìkan sì ti fi ìrọ̀rí méjì gbé apá òsì rẹ̀ ró.

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ni wọ́n dá Oyèwálé dúró níbi iṣẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n oríkèé èjìká òsì le gbagidi. Bí wọ́n bá ti gbé apá náà kan àyà, igbe ni. Kí géńdé ọkùnrin máa ké bí ọmọ ọwọ́! Ó ṣeni láàánú.

Àsìkò yẹn náà ni ìyá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn ẹbí kìlọ̀ fún Rodiyat pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lórí àìsàn. Ó bá parọ́ fún Oyèwálé pé fóònù Màmá bọ́ sómi. Ogójì ọjọ́ rèé, kò tíì ráyè sunkún ìyá ọkọ tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ.

"Bàbá Ṣínà, ta ló wá síbí?"

"Màmá ni," ni Oyèwálé dáhùn jẹ́jẹ́. "Tó o bá ti lọ work, tí Ṣínà wà ní daycare, wọ́n á wá fi òrí bá mi yí èjìká yìí. Kì í dùn mí tó bá jẹ́ àwọn."

Rodiyat sáré lọ sídìí fèrèsé. Ó yọjú wo ìta. Ipa bàtà tirẹ̀ nìkan ló wà lórí snow.

Bó bá sọ òtítọ́, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ lè ru, kí àìsàn náà tún gbé e lulẹ̀. Bí kò bá sì sọ ọ́, Oyèwálé lè máa bá òkú ṣeré títí yóò fi tẹ̀lé e lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màmá ti... Màmá ti kú. Ó ti pé ogójì ọjọ́."

Oyèwálé mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀, Rodi. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n ní kí n má tíì jẹ́ kó o mọ̀. Wọ́n ní ẹkún ti kún inú ẹ, kí n ní sùúrù títí wàá fi lè sun ún."

Rodiyat gbórí lé itan ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ibẹ̀ ló wà tí ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lórí. Ọwọ́ òsì ni.

"Ẹ ti gbé e!" Ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ omijé. "Bàbá Ṣínà, ẹ ti gbé ọwọ́ yín!"

"Má gbójú sókè, Rodi," ni Oyèwálé sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi kọ́ ni mò ń gbé e."