Orúkọ Ìyá Ọkọ

Aṣọ funfun ni Tọ̀yìbátù wá rà ní Maourey, àdúgbò àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Niamey, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé Sùfíyánù tó ń taṣọ. Ó fa aṣọ náà wò, ó gbé e sókè nínú oòrùn, ó ní kò dára.

"Kí ló ṣe é?" Sùfíyánù bi í ní Hausa.

Inú tó bí ọmọbìnrin náà, Yorùbá ló fi dáhùn. "Ó ti fẹ́lẹ́ jù! Nọ́ọ̀sì ni mí. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ayé á rí ìdí mi."

Ẹ̀rín pa ọmọkùnrin náà. "Háà! Ọmọ Yorùbá ni ọ́, o wá jẹ́ kí n máa da Hausa bò ọ́!"

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí aṣọ tí kò tilẹ̀ rà. Niamey ni wọ́n bí Tọ̀yìbátù sí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀ lápò. Sùfíyánù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wá sọ ara rẹ̀ di tíṣà. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, á ní, "Olólùfẹ́ mi, tún un sọ." Èyí tí kò ṣì sọ náà, á ní kó tún un sọ, torí kó lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìfẹ́ ń pani bí ọtí, àtẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìyá Sùfíyánù wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wo ọmọ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́. Tọ̀yìbátù kúnlẹ̀ kí i, kò gbójú sókè. Ìyá wò ó títí, ó ní, "Kò burú. Ó lẹ́kọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ibà dá ìyá dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kirkissoye, ibi tí Tọ̀yìbátù ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n gbà á wọlé. Ọ̀sán ni Tọ̀yìbátù wọṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò mọ ojúsàájú: má ṣe fún aláìsàn lóògùn àfi tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì kò tó, ojú tó o mọ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n òfin tiwa náà wà ńlẹ̀: ta ló bí ìyàwó tó máa bi ìyá ọkọ pé kí lorúkọ rẹ? Látọdún yẹn, "Màmá" ni Sùfíyánù ń pe ìyá rẹ̀ létí Tọ̀yìbátù. Tọ̀yìbátù kò mọ orúkọ mìíràn fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ kan wà nínú àwo rẹ̀, abẹ́rẹ́ onítọ̀ ṣúgà, èyí tí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kí aláìsàn tó jẹun. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni: bẹ́ẹ̀dì kẹrin, Hájíà Zàlìhà. Ta ló sì bá lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin? Ìyá ọkọ rẹ̀ ọ̀la ni, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ mẹ́ta láti Maourey sì yí i ká.

Àṣé Zàlìhà ni Màmá ń jẹ́. Àṣé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, Sùfíyánù kò sì sọ. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ó fi òwú nu apá ìyá.

Apá náà gbóná fòfò. Ó wá rí abọ́ ẹ̀kọ mímu tó ti dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣíbí kò kàn án.

"Màmá, ẹ ò tíì jẹun ni?"

"Pẹ̀lú ẹnu kíkorò yìí? Omi nìkan ló ń wọlé láti àná."

Ọwọ́ Tọ̀yìbátù dúró. Abẹ́rẹ́ yìí, lára ẹni tí kò jẹun láti àná? Ìwọ̀nba ṣúgà tó kù lára rẹ̀ á lọ tán, á máa làágùn, á dákú, bóyá kò sì ní jí mọ́. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí lorúkọ yín?"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní, "Subuhánálláà!"

"Èmi?" ni ìyá wí. "Ìwọ tó fẹ́ wọlé ọmọ mi, ìwọ lò ń bi mí lórúkọ lójú gbogbo ayé?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò lè fún yín lábẹ́rẹ́ tí ẹ ò bá sọ ọ́."

"Gbé abẹ́rẹ́ ẹ lọ!" Ìyá kọjú sógiri.

Obìnrin Zarma kan, ọmọ onílẹ̀ Niamey, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta ló na ọwọ́ pè é. Ó ní òun ni Zàlìhà. Ó ní ìyá orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin yìí ló fọwọ́ júwe fún òun pé kí àwọn pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó lè jókòó kọjú sí gábàsì kírun, torí kò lágbára láti dìde. Ta ni yóò sì kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kírun? Tọ̀yìbátù gbé àwo abẹ́rẹ́ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó gbé e wá sọ́dọ̀ Zàlìhà.

Kí wọ́n tó kírun Aláàsárì, ọ̀rọ̀ ti dé Maourey. Sùfíyánù sáré dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tọ̀yìbá, kí lo ṣe fún Màmá? Wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí i mọ́. Wọ́n ní ìyàwó tó bi àwọn lórúkọ lónìí, á gbá àwọn létí lọ́la."

Tọ̀yìbátù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì náà. Kò tíì parí tí Sùfíyánù fi fò sókè. "O gba ẹ̀mí ìyá mi là! Jẹ́ n lọ sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn!"

"Rárá, ọkọ mi." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo ti nu apá wọn. Mi ò bèèrè. Mo ń bẹ̀rù wọn, mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ fi pa wọ́n, Sùfí. Ká ní wọ́n ti mu ẹ̀kọ yẹn ni, ǹ bá má dúró."

Sùfíyánù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé dandan ni kí wọ́n gbọ́ ìyẹn?"

"Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá mi. Ṣé ẹni tó ni apá ni mo máa fi pamọ́ fún?"

"Wọ́n á kọ̀ ọ́ pátápátá."

"Mo mọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi irọ́ wọlé ọkọ."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ibà ti rọlẹ̀. Tọ̀yìbátù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ro gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Yorùbá bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Sùfíyánù fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìyá gbọ́wọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́.

"Ká ní ìyá ẹlòmíràn ni," ìyá wí, "ṣé wàá bèèrè?"

"Màá bèèrè, Mà. Kí n tó nu apá."

"Ìyẹn ni pé torí ọmọ mi lo ṣe fẹ́ pa mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Kò wá àwáwí.

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó wo ọmọ náà bí ẹni tí kò rí i rí. "Èmi náà kúrò níbi tí wọ́n fi mí sí, n ò sọ fẹ́nì kan. Wọ́n bi mí lórúkọ, mo ń ṣe ìyá ọkọ. O sì lè jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ títí dọ́jọ́ ikú mi, n ò ní mọ̀." Ó gbá orí bẹ́ẹ̀dì. "Gbọ́ dáadáa. Nínú ilé Sùfíyánù, Màmá ni mò ń jẹ́, o ò sì gbọdọ̀ pè mí ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, èmi kì í ṣe ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo ń wò? Lọ sọ fún àwọn àgbà Maourey kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì."

Sùfíyánù kò mọ èyí tí yóò ṣe, ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó ń ṣe méjèèjì bọ́ síta.

Ìyá wá na ọwọ́. "Mọ́rìlíátù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ mi. Ìyàwó, oògùn mi dà?"

Tọ̀yìbátù nu ojú rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó wo orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kó tó ka oògùn sí i lọ́wọ́.